Àpótí Ẹja Bàbá Onílé Mi

Tí mo bá rí ẹni tó ń fi àtẹ́lẹwọ́ wọn nǹkan, bàbá onílé mi àtijọ́ ní Ìrẹ́mọ ni mo máa ń rántí. Wọn kì í lè jókòó pẹ́. Wọ́n á dìde, wọ́n á tún wọn àpótí dígí kékeré tí wọ́n ń sin ẹja òkun sí. Iyùn òkun, èyí tó ń dàgbà bí ewéko, ti ń hù nínú omi iyọ̀ náà, ṣùgbọ́n ẹja tí ojú àlejò máa kọ́kọ́ bà lé, wọn ò tíì rí yàn. Bí ẹni ń wádìí ìyàwó ni: "Ṣé oníjà ni? Báwo ló ṣe máa tóbi tó?"

Ó sú mi. Mo ra ẹja aláwọ̀ òféèfèé kan wá fún wọn láti Èkó.

"Dá a padà. Ó máa dàgbà ju ibí lọ."

"Ẹja lásán, Bàbá!"

"Yàrá méjì ni mo fi tọ́ ọmọ márùn-ún. Wọ́n dàgbà tán, ilé ò gbà wọ́n mọ́. Ta lo rí níbí?"