Bátìrì Tọ́ọ̀ṣì Láyà Bùbá Mi

Láti kékeré ni ibà kan ti mú èyí tó pọ̀ jù lọ nínú ìgbọ́ràn mi lọ. Nígbà tí mo di tísà ní Ìjẹ̀bú-Òde, àǹtí mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù fi ẹ̀rọ ìgbọ́ràn kékeré kan ránṣẹ́ sí mi, èyí tí mò ń fi há ẹ̀yìn etí. Bátìrì rẹ̀ kò tóbi ju bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì lọ. Àmọ́ lọ́dún tí ìlú le yẹn, kò sí ṣọ́ọ̀bù tó ń tà á.

Ó ku méjì péré nígbà tí màmá mi ṣe mí lóore. Ẹ mọ bí a ti ń ṣe bátìrì tọ́ọ̀ṣì tó bá ń kú lọ: a ó sá a sóòrùn, yóò tún tàn fún ọjọ́ díẹ̀. Màmá kó bátìrì mi méjèèjì, ó sá wọn sórí páànù lẹ́gbẹ̀ẹ́ láfún láti àárọ̀. Nígbà tí n ó fi dé, wọ́n ti wú, wọ́n sì ń ṣomi. Inú bí mi débi pé n kò jẹun.

Mo gbé ẹ̀rọ náà tọ bàbá tó ń tún rédíò ṣe lọ́nà Ayépé lọ. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó rẹ́rìn-ín, ó sì pariwo sí mi létí.

“Tísà, bátìrì kékeré, bátìrì ńlá, agbára wọn kò fi bẹ́ẹ̀ jura lọ. Ńlá kàn máa ń pẹ́ kó tó kú ni.”

Ó gbẹ́ igi pẹlẹbẹ kan tó ṣe déédéé ojú ibi tí bátìrì ń wọ̀, ó so wáyà mọ́ ọn, ó sì fa wáyà náà dé ara bátìrì tọ́ọ̀ṣì. Mo rán àpò sínú bùbá mi fún un, mo fa wáyà gba abẹ́ gèlè dé etí. Ó wúwo láyà, ṣùgbọ́n mo gbọ́ràn.

Ohun tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ní yàrá àwọn tísà lọ́jọ́ kejì ni ohùn ọ̀gá ilé ìwé wa. Ó dúró tì mí, ó ń bá igbákejì rẹ̀ sọ̀rọ̀ bí ẹni pé àga ni mí.

“Tí ìsípẹ́kítọ̀ bá dé lọ́jọ́bọ̀, mo máa ní kó gbé obìnrin yìí kúrò ní kíláàsì. Adití kò lè kọ́ ọmọ.”

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn jù láyé ló fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi, kò tiẹ̀ rọra sọ ọ́. Nígbà tí mo délé, mo tú àpò náà, mo rán an sí ìta bùbá, láyà gbangba. Màmá ní ẹni tí wọ́n bá fẹ́ sun jẹ kì í fi epo para. Èmi fi para lọ́jọ́ náà, mo sì lọ jókòó sídìí iná.

Lọ́jọ́bọ̀, mò ń kọ̀wé sójú pátákó nígbà tí ọ̀gá wa àti ìsípẹ́kítọ̀ wọlé. Ìsípẹ́kítọ̀ wá dúró lẹ́yìn mi, ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé, “Ọ̀gá yín ní ẹ kì í gbọ́ràn.”

N kò bojú wẹ̀yìn. Mo parí ohun tí mò ń kọ.

“Ọ̀gá mi kò bi mí rí, sà.”

Ó ní kí n fi ohun tó wà láyà mi han òun. Mo yọ bátìrì náà lé e lọ́wọ́, gbogbo kíláàsì sì pa lọ́lọ́ létí mi. Ọ̀gá wa mọ̀ pé n kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ó sún mọ́ ìsípẹ́kítọ̀, ẹnu rẹ̀ ń yára, ó ń nawọ́ sí mi. Mo jẹ́ kó sọ tirẹ̀ tán. Mo wá gba bátìrì mi, mo tì í padà sáyè rẹ̀, mo sì kọjú sí ọ̀gá wa.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ, sà. Mo ti ń gbọ́ báyìí.”

Ó wo ilẹ̀. Ìsípẹ́kítọ̀ dúró dè é títí, ọ̀gá wa kò tún un sọ.