Ọjọ́ Tí Ọba Moremedi Kọ́kọ́ Kú

Ọ̀sán gangan ni Ọba Moremedi kọ́kọ́ kú, òun fúnra rẹ̀ ló sì pe ìpàdé. Ó ní kí gbogbo ará Mmadipitse gbé àga wọn wá sí kgotla, ojúde ìpàdé wa. Ó tẹ́ awọ màlúù, ó nà gbalaja.

"Mo ti kú. Ó yá, ẹ yan ọba. Mo fẹ́ gbọ́ ohun tẹ́ ẹ máa sọ lẹ́yìn mi."

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Boitshepo, obìnrin sì ni. Keakopa, àbúrò ọba, ló kọ́kọ́ dìde.

"Ẹ̀gbọ́n mi fi ọ̀kọ̀ pa ẹkùn kí wọ́n tó da awọ ẹ̀ bora jọba. Obìnrin wo ló lè ṣe bẹ́ẹ̀?"

Òkú nawọ́ sókè.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, òkú kì í sọ̀rọ̀."

"Ta la kì í gbọ́ tẹnu ẹ̀ ní kgotla?"

Òótọ́ ni. Ẹni tó bá nawọ́ níbẹ̀, a gbọ́dọ̀ gbọ́ tirẹ̀, kò sì sí baba ńlá wa tó rántí yọ òkú sílẹ̀.

Ìtàn ẹkùn yẹn ni ọba fi ń yangàn láti ogún ọdún. Ọdọọdún ni ẹkùn náà ń tóbi sí i; nígbà tó yá, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó màlúù. Mo mọ̀ pé irọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó dùn ún gbọ́.

Ọba dìde jókòó. Ó wo ọmọ rẹ̀ títí.

"Boitshepo ló pa ẹkùn. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà yẹn. Orí igi morula lèmi wà."

"Orí igi kẹ̀?" ni Keakopa wí.

"Ṣónṣó orí ẹ̀. Èmi ni mò ń júwe ibi tó máa gún."

A rẹ́rìn-ín títí àga fi ṣubú lábẹ́ àwọn àgbà. Ọba padà dùbúlẹ̀, ó ní, "Mo ti tún kú. Ẹ máa bá ọ̀rọ̀ yín lọ." Keakopa jókòó. Ìyìn ni ọba fẹ́ràn jù láyé, ó sì kó gbogbo rẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ níṣojú wa. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an lọ́jọ́ náà.

Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ó kú lóòótọ́. A fi awọ màlúù wé e, a sin ín sínú ọgbà màlúù rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kgotla. Keakopa gbé awọ ẹkùn dání, ó béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ní ọ̀rọ̀ láti sọ. Kò sẹ́ni tó nawọ́. Gbogbo wa kọjú sí ọgbà màlúù, a ń dúró. Keakopa náà dúró, omi sì ń dà lójú rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi ò rí nǹkan kan sọ lónìí," ló wí, ó sì da awọ náà bo Boitshepo léjìká.