Sátidé Mi Nínú Ìwé Lọ́yà

Èmi ò mọ̀wé. Ọmọbìnrin tó ń bá mi kọ èyí, ọmọ ọmọ mi ni, òun gan-an sì ni àwọn òbí ẹ̀ fi ìwé pín. Mo ti kìlọ̀ fún un pé kó kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́, kó má bo àṣírí bàbá ẹ̀, kó má sì gbè sẹ́yìn ìyá ẹ̀. Ó yá, kọ ọ́.

Nígbà tí bàbá rẹ àti ìyá rẹ kọ ara wọn sílẹ̀, àwọn ọ̀mọ̀wé méjèèjì jókòó, wọ́n pín ọ. Ọjọ́ iléèwé, o wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ ní ẹ́sítéètì Àmúwò. Sátidé àti Sọ́ńdè, o wà lọ́dọ̀ bàbá rẹ nílé mi ní Fẹ́sítáàkì níbí. Wọ́n kọ wákàtí síbẹ̀. Wọ́n kọ ẹnu géètì tí wọ́n á ti máa gbà ọ́. Èmi tí mò ń wẹ̀ ọ́, tí mò ń fún ọ lóúnjẹ, wọn ò kọ mí síbẹ̀. Mi ò bínú. Wọn ò kúkú kọ ìkòkò tí mo fi ń se oúnjẹ ọ̀hún náà síbẹ̀.

Lọ́dọ̀ bàbá rẹ, ni wọ́n wí. Bàbá rẹ ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò ní Tírédì Féà, Sátidé sì ni ọjà wọn máa ń gbóná jù. Tó bá ti gbà ọ́ ní géètì, á gbé ọ kalẹ̀ níwájú mi bí àpò ìrẹsì, ó di ìrọ̀lẹ́. Bàbá gidi.

Iṣẹ́ tiwa ní Sátidé ni irun. Iléèwé rẹ ní ìwé irun, irú èyí tí gbogbo ọmọbìnrin gbọ́dọ̀ dì lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. O kà á fún mi lẹ́ẹ̀kan péré, mo ti há a sórí: ṣùkú, pàtẹ́wọ́, kọjúsọ́kọ, ìpàkọ́ẹlẹ́dẹ̀, ká tún padà sórí ṣùkú. O máa ń jókòó sáàárín ẹsẹ̀ mi, wàá ti máa ké kí n tó fọwọ́ kàn ọ́. Tó o bá ké tán, wàá wá ròyìn gbogbo ohun tójú rẹ rí lọ́sẹ̀ náà. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé ìṣirò ń dẹ́rù bà ọ́, pé o kì í sùn dáadáa. Àwọn òbí rẹ ò gbọ́. Wọn kì í dirun.

Ni ẹnìkan bá rí bàbá rẹ ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Sátidé, ó sì sọ fún ìyá rẹ. Ìyá rẹ ní àfi kí wọ́n tún ìwé ṣe, kí o máa wá ní Sọ́ńdè kan lóṣù. Bóyá ó rò pé irun á máa dúró de ìparí oṣù.

Wọ́n lọ bá àǹtí lọ́yà kan pé kó bá wọn dá sí i. Mo tẹ̀lé wọn lọ. Kò sẹ́ni tó pè mí.

Lọ́yà wò mí. "Màámà, ẹ jọ̀ọ́, àwọn òbí nìkan ló yẹ kó wà níbí."

"Máa báṣẹ́ ẹ lọ, ọmọ mi. Mo kàn ní kí n sinmi ẹsẹ̀ ni."

Ó bi bàbá rẹ pé kíláàsì wo lo wà. Bàbá rẹ ní pírámárì tíríì.

"Fọ́ọ̀," ni ìyá rẹ wí. "Ó ti pẹ́ tó ti wọ fọ́ọ̀. Ẹ jẹ́ ká buwọ́ lu ìwé yìí ká máa lọ. Èmi ni mo mọ̀ nípa ọmọ mi."

Lọ́yà ní ọmọ tòun náà wà níléèwé tó ní ìwé irun. "Irun wo ni tiyín máa dì lọ sílé ìwé ní Mọ́ńdè tó ń bọ̀?"

"Ṣùkú," ni ìyá rẹ wí.

Mo wúkọ́. "Ṣùkú ló wà lórí ẹ̀ báyìí. Pàtẹ́wọ́ ló kàn. Tó o bá tún di ṣùkú fún un, wọ́n á dá a padà ní géètì."

Ìyá rẹ yọ fóònù, ó wo ìwé irun tó wà nínú ẹ̀. Ó wò ó pẹ́. "Mọ́mì, ẹ ò kúkú mọ̀wé."

"Mi ò mọ̀wé. Mo mọ orí ọmọ."

Lọ́yà wá kọjú sí mi. "Màámà, ọjọ́ wo lẹ máa ń dì í?"

"Sátidé."

"Bàbá ẹ̀ ńkọ́?"

"Ó wà lọ́jà."

Bàbá rẹ wò mí bí ẹni pé mo ta á. Kí ni kí n ṣe? Mo ti tà á. Ṣùgbọ́n mo fi kún un pé, "Tẹ́ ẹ bá gba Sátidé lọ́wọ́ ẹ̀, ẹ ò gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹ̀. Ọwọ́ mi lẹ ti gbà á."

Ara ìyá rẹ rọ̀ díẹ̀. Ó ní òun rò pé obìnrin kan ládùúgbò wa ni bàbá rẹ ń gbé ọ fún pé kó máa dirun rẹ. Wọ́n wá kọ ọ́ pé Sọ́ńdè jẹ́ ti bàbá rẹ, tó bá wà nílé. Sátidé jẹ́ tèmi, fún irun dídì. Wọ́n ní kí n tẹ ìka. Mo tẹ̀ ẹ́ débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lu ìwé náà já.

Báyìí o ti wọ sẹ́kọ́ńdírì, wọ́n ní kí gbogbo yín gé irun mọ́lẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ìyá rẹ pè mí.

"Mọ́mì, ẹ rántí pé irun ni wọ́n kọ sínú ìwé yẹn, irun ò sì sí mọ́. Ṣé ká tún padà sọ́dọ̀ lọ́yà ni?"

Mo ní kó má yọ ara ẹ̀ lẹ́nu. Mo ní ìwé lò ń bá mi kọ ní Sátidé báyìí, ìwé náà sì gùn gan-an, a ò tíì dé ibi tí wọ́n ti bí mi.

Nítorí náà, rọra kọ.