Ìpolówó Ọṣẹ Láàrin Ìdì Aṣọ

Ohùn Hùsèínì ló gbé e dé ìdí iṣẹ́ kíka ìpolówó fún rédíò ní Parakou. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ilé iṣẹ́ rédíò gan-an ló ti ń kà á. Tó bá wúkọ́, gbogbo ìlú á gbọ́. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n ní kó máa gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀ nílé, kó sì máa fi ránṣẹ́. Ó ra míkírò tuntun tí yóò máa sọ̀rọ̀ sí, ó gbé e sí yàrá rẹ̀ ní àdúgbò Albarika, níbi tí wọ́n lẹ táìlì mọ́ ilẹ̀ àti ògiri.

Ìpolówó ọṣẹ òrí ló kọ́kọ́ fi ránṣẹ́.

"Hùsèínì, ṣé inú kànga lo ti kà á ni?" Adéolúwa, ọ̀gá rẹ̀, ló bi í bẹ́ẹ̀.

Ó tún un kà, ó ṣì ń dún bákan náà. Adéolúwa wá sọ fún un pé bí èyí tó mọ́ kò bá dé kí ọjọ́ Jímọ̀ tó parí, àwọn yóò gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn ní Kùtọnu.

Hùsèínì lọ bá Ràyhánátù, àbúrò bàbá rẹ̀ tó ń ta aṣọ ní àdúgbò Ladjifarani.

"Táńtí, míkírò yẹn ti tàn mí."

"Yàrá rẹ ló tàn ọ́. Bí mo bá ń pe ẹ̀yin ọmọ láti ẹ̀yìn ìsọ̀, láàrin ìdì aṣọ, ṣé ẹ máa ń gbọ́?"

"A máa ń gbọ́, Táńtí. Iṣẹ́ la máa ń sá fún."

"Irọ́ lò ń pa. Aṣọ ló ń gbé ohùn mì. Gbé míkírò náà wá."

Ní àárọ̀ Jímọ̀, tí ọjà ń yá lọ́wọ́, wọ́n to ìdì aṣọ yí míkírò ká nínú ìsọ̀. Ràyhánátù ti ilẹ̀kùn, ó jókòó ti Hùsèínì. Ooru mú wọn. Hùsèínì ti ka ìpolówó náà dé ìdajì nígbà tí obìnrin kan kan ilẹ̀kùn.

"Ìyá, ẹ wà níbẹ̀?"

Gbogbo wa la mọ Ràyhánátù. Ó máa ń fi oúnjẹ sílẹ̀ nítorí oníbàárà. Lọ́jọ́ náà, ó fi ọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀. Obìnrin náà kan ilẹ̀kùn títí, Hùsèínì ń kà á lọ, obìnrin náà sì bá tirẹ̀ lọ.

"Ẹ jẹ́ kí n dárúkọ ìsọ̀ yín lórí rédíò, kí n fi dúpẹ́," ni Hùsèínì wí.

"Má dán an wò. Àwọn ará ilé ọkọ mi á gbọ́, wọ́n á wá máa gba aṣọ ọ̀fẹ́."

Adéolúwa gba ìpolówó náà. Kò gbọ́ ìkànlẹ̀kùn kankan nínú rẹ̀. Àmọ́ Hùsèínì mọ ibi tó wà. Bí rédíò bá ti ka ìpolówó náà dé ìdajì, àwa tó wà nítòsí rẹ̀ máa ń gbọ́ tí Hùsèínì ń rọra sọ fún ara rẹ̀ pé, "Ẹ ṣé, Táńtí."