Obìnrin Tó Wà ní Apá Mi

Abẹ́rẹ́ yẹn ń kùn bí oyin létí mi, ó ń dùn mí wọ eegun, èmi náà ń ṣe bí akọni, mo ń fi tipátipá rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ọjà Ìdímù ni ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń fín ara náà wà. Ọmọdé ń ṣe mí nígbà náà, mo ní dandan, màá fín ojú màámi sí apá kí n má baà gbàgbé wọn. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni mí nígbà tí wọ́n kú. Fọ́tò kan ṣoṣo ni mo ní, òjò sì ti ba ìyẹn jẹ́. Ojú wọn tó kù lọ́kàn mi náà ti ń ṣá.

Àwọn tó ń fín ara láyé ọjọ́sí máa ń bi èèyàn léèrè títí á fi sú u: báwo ni imú wọn ṣe rí, ta ni wọ́n jọ? Àwọn àgbà ní a kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Ọ̀gá tó fín tèmi ò bi mí ní nǹkan kan. Ó ya fọ́tò náà sínú fóònù, ó ní kí ọgbọ́n àtọwọ́dá, AI tí gbogbo ayé ń pariwo, bá òun tún un ṣe. Wéré, obìnrin kan yọ, ojú ń dán gbinrin.

"Ó ti bá yín nu gbogbo ìdọ̀tí ibẹ̀ kúrò, àǹtí."

Háà! Inú mi dùn débi pé mo sunkún. Mi ò mọ̀ pé màámi rẹwà tó bẹ́ẹ̀. Òmùgọ̀ ń yọ̀!

Nígbà tí ojú fínfín náà jinná, mo lọ fi han ẹ̀gbọ́n màámi ní Igando, ìyá Aládùúrà tí kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Mo ti ń retí pé wọn á fi Bíbélì bá mi jà. Wọ́n kàn wò ó títí.

"Ta nìyí?"

"Màámi ni, mà."

"Irọ́ ni. Ilà ojú rẹ̀ dà? Pélé mẹ́ta-mẹ́ta ni bàbá wa kọ fún un. Ìwọ gan-an, bí o bá ń mu ọmú, inú ilà yẹn lo máa ń ki ìka bọ̀." Wọ́n bú sẹ́kún. "Jọ̀ọ́, da aṣọ bò ó. Mi ò mọ obìnrin yẹn."

Mo yọ fọ́tò náà wò. Àwọn ilà ọ̀hún wà níbẹ̀ fírífírí. Èmi àti ẹ̀rọ la jọ rò pé bébà ló sán. Mo sáré padà sí Ìdímù pé kí ó bá mi fín ilà náà sí i. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín sí mi.

"Ẹ wo bó ṣe fáìn tó! Ṣé kí n wá ha á lójú ni? Ẹ fi mí sílẹ̀ jàre."

Lónìí, wọ́n ní ẹ̀rọ náà ti gbọ́n sí i, pé ó ti dá ilà mọ̀. Ẹ bá mi kí i. Bí mo bá dijú báyìí pé kí n rí màámi, obìnrin yẹn ló ń yọ sí mi, ojú ń dán, ó ń rẹ́rìn-ín. Màámi fúnra wọn ò wá mọ́.