Páànù Tuntun Bàbá Mi

Ọ̀sán pọ́n, páànù orí ilé wa sì bẹ̀rẹ̀ sí í ró ká-ká-ká bó ti ń gbóná. Ẹ̀yin ọmọ ọmọ mi ò tilẹ̀ gbọ́ ọ mọ́. Èmi ń gbọ́ ọ.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé lẹ́bàá ìlú Moretan, koríko la fi ń bo ilé. Koríko nípọn, ooru kì í tètè gba inú rẹ̀ kọjá. Bí oòrùn tilẹ̀ ń lé ewúrẹ́ kiri níta, inú ilé á tutù nini, omi inú àmù á tutù débi tí eyín á fi máa kanni. Lọ́dún tí òwú Bàbá ṣe dáadáa, ó tú koríko dànù, ó kan páànù, ilé àkọ́kọ́ tó ní i ládùúgbò wa. Ìyá Kòfí wá wò ó láti ilé kejì.

“Bàbá Yáwà, ilé yín ń dán bíi ti kọ̀máńdà òyìnbó! Ṣé ká bọ́ bàtà ká tó wọlé?”

Bẹ́ẹ̀, kò ní bàtà.

Ẹ̀ẹ̀rùn yẹn ni ara Yáwà, àbúrò mi, sú. Èèyi ni. Nígbà náà, ọmọ tí èèyi bá mú, inú yàrá la ń tì í mọ́ kí afẹ́fẹ́ má fẹ́ sí i; a ó ti ìlẹ̀kùn, a ó fi aṣọ di fèrèsé. Bí wọ́n ṣe tọ́jú èmi náà lábẹ́ koríko nìyẹn, mo sì yè é. Kò sẹ́ni tó rò ó pé abẹ́ páànù yàtọ̀.

Oòrùn mú irin náà gbóná, irin ń ta ooru sílẹ̀ lé ọmọ lórí bí iná ààrò ṣe ń ta sí ojú ẹni. Afẹ́fẹ́ inú yàrá gbóná, kò rí ibi gbà jáde. Ìyá ń rẹ aṣọ sómi, ó ń tẹ́ ẹ lé Yáwà láyà. Kó tó yíjú padà, aṣọ ti gbóná. Nígbà tó yá, ó ti ọwọ́ bọ àmù, ó ní:

“Omi náà ti lọ́ wọ́ọ́rọ́.”

Èmi jókòó níta, mo fara ti ìlẹ̀kùn, mo ń gbọ́ ohùn Yáwà láti inú.

“Ẹ̀gbọ́n, ṣílẹ̀kùn fún mi.”

“Wọ́n ní afẹ́fẹ́ ò gbọdọ̀ fẹ́ sí ẹ.”

“Wọlé wá nígbà náà, ká jọ jinná bí iṣu.”

Mo rẹ́rìn-ín. Mi ò ṣí i.

Bàbá gé imọ̀ ọ̀pẹ, ó gun orí ilé, ó ń tẹ́ ẹ sórí páànù tó fi ń yangàn. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ bó. Òkè ló ṣì wà nígbà tí Ìyá figbe ta pé Yáwà ti dákẹ́.

Lónìí, nọ́ọ̀sì ní ká ṣí fèrèsé fún ọmọ tó ní èèyi, abẹ́rẹ́ rẹ̀ sì wà. A ti ń kan pákó sábẹ́ páànù. Oòrùn nìkan ni ò yí padà. Ẹ̀yin kọ́ ọ nílé ìwé, bí ooru ṣe ń rìn. Èmi náà ti wá mọ̀ ọ́n. Ọ̀nà tí mo lè gbà mú ìmọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ Yáwà ni mi ò rí.