Ogójì Ilé tí Kèké Mú ní Kumasi

Mẹ́sàn-án nínú ogójì. Iye tí ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ wa tó ń rí sí èdè Yorùbá nílẹ̀ òkèèrè, ní Ìbàdàn, kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ nìyẹn. Nínú ogójì ilé Yorùbá tí mo wọ̀ ní Kumasi, mẹ́sàn-án péré ni ọmọdé ti fi Yorùbá dá mi lóhùn. Méjìdínlógójì ni ìwé tí a tẹ̀ jáde lọ́dún tó kọjá pè é. Èmi, oníṣirò ẹgbẹ́, ni mo fọwọ́ sí ìwé náà láì dìde lórí àga mi. Ìwé yẹn ni wọ́n dì mú tí wọ́n fi ti kíláàsì tí Àǹtí Ṣìfáwù ń kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo Sátidé ní Adum, láàrin Kumasi. Wọ́n ní ọmọ tó ti gbọ́ èdè kò nílò olùkọ́. Obìnrin náà kọ lẹ́tà sí mi: "Dókítà, ẹ ní àwọn ọmọ gbọ́. Àwọn ọmọ wo?"

Mo di ẹrù mi.

Aago mẹ́rin ìdájí ni mo kúrò ní Ìbàdàn. Ibodè mẹ́ta ni a sọ̀ kalẹ̀ sí kí a tó wọ Ghana. Mo gbìyànjú láti ka iye ìgbà tí àwọn agbófinró dá wa dúró. Kí a tó dé Badagry, iye náà ti dàrú mọ́ mi lójú. Láti Accra dé Kumasi lọ́jọ́ kejì, ẹ̀ẹ̀mejì ni. Ní Nsawam, mo ra wàákyé, ìyẹn ìrẹsì àti ẹ̀wà tí wọ́n fi ewé ọkà bàbà sè pọ̀, ní ogún sídì owó Ghana. Lẹ́yìn ibẹ̀, eruku ọ̀nà tí wọ́n ń fẹ̀ bò wá títí.

Alájì Múfútáù, oníṣòwò aṣọ tí wọ́n bí sí Kumasi, tí òbí rẹ̀ wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, ló gbà mí lálejò ní àdúgbò Race Course. Yorùbá rẹ̀ jinlẹ̀ ju tèmi lọ. Ó fi fùfú ṣe mí lálejò: ẹ̀gẹ́ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n gún pọ̀ bí iyán, tí ọbẹ̀ bò mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn oúnjẹ, a kọ orúkọ gbogbo ilé Yorùbá tó wà nínú ìwé orúkọ ẹgbẹ́ sórí bébà pélébé-pélébé, a dà wọ́n sínú abọ́, òun fúnra rẹ̀ sì mú ogójì. Mo ṣàlàyé fún un pé kèké kò mọ ojú ẹnikẹ́ni, pé bí ilé kan ṣe lè bọ́ sí i ni èkejì náà ṣe lè bọ́ sí i.

Ilé àkọ́kọ́ wà ní Ayigya, nítòsí ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì. Alájì dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Mepa wo kyɛw, ẹ jọ̀ọ́, Dókítà, ẹ jẹ́ ká fo ilé yìí. Hajia tó wà níwájú ti se oúnjẹ, ó ń retí wa."

Mo ní kèké ló yan ilé yìí, kì í ṣe èmi.

"Ta ló ń mú àlejò lọ síbi tí wọ́n á ti fi Twi dá a lóhùn? Bí mo ṣe mú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjì tí ẹ rán wá lọ́dún tó kọjá káàkiri nìyẹn. Mi ò parọ́ fún wọn. Mo gbà wọ́n lálejò ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, nítorí kò sí ẹ̀bi lára rẹ̀. Nílé tiwa náà, pálọ̀ ni a ń mú àlejò lọ, a kì í mú un gba ẹ̀yìnkùlé. Èmi tí mo gba owó oṣù lórí ìmọ̀ yìí ló yẹ kí n béèrè bí wọ́n ṣe yan àwọn ilé náà. N kò béèrè. N kò tilẹ̀ béèrè irú dátà tó wà níwájú mi. Àwọn òbí ni wọ́n bi bóyá ọmọ gbọ́ Yorùbá "dáadáa," "díẹ̀," tàbí "rárá". A fún ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ní máàkì, a ro máàkì pọ̀, a pín in, bí ẹni pé ìdàgbàsókè èdè ṣe é wọ̀n bí ìrẹsì. Kò sí ẹni tó bá ọmọ kan sọ̀rọ̀.

A wọ ilé náà, a sì wọ àwọn tó kù. Ilé tó kẹ́yìn nínú ogójì tí kèké mú ni ilé Alájì. Kò sọ pé kí a fò ó. Ó pe ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ọmọ náà kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì, bí wọ́n ṣe ń kúnlẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó ní, "Maaha." Ẹ káàsán ni, ní èdè Twi. Mo bi í lórúkọ ní Yorùbá. Ó wo ojú bàbá rẹ̀ àgbà.

"Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀," Alájì sọ, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Sátidé ló máa ń lọ sọ́dọ̀ Ṣìfáwù, kí ẹ tó ti kíláàsì náà."

Mo kọ ọ́ sílẹ̀.

Mo ti padà sí Ìbàdàn, ìgbìmọ̀ sì ti ní kí n fi ìwé tuntun tí mo kọ pamọ́ kí ojú má baà tì wá. Ojú ti tì mí ná. Ẹ̀yin ìgbìmọ̀, ẹ tẹ mẹ́sàn-án jáde, kí ẹ kọ orúkọ mi gàdàgbà sábẹ́ àṣìṣe tọ́dún tó kọjá. Yàrá Adum tí ẹ tì ni ẹ ń kó àga rọ́bà jọ sí báyìí. Ẹ ṣí i. Ẹ to àwọn àga náà sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì pe Àǹtí Ṣìfáwù padà kí Sátidé tó ń bọ̀ yìí tó kọjá.